Ọmọ mọ táìmù-tébù, kò mọ ṣéńjì: ó ku mélòó kó pé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Praimárì Kẹta. Ó mọ táìmù-tébù láti orí méjì dé orí méjìlá, bí ẹni ń kọrin ló ń kà á. Lánàá, mo fún un ní ₦1,000 pé kó lọ ra ọṣẹ ₦350 wá ní ìsọ̀ tó kọjú sí ilé wa. ₦550 ni wọ́n fún un padà, ó gbà á, ó ń bọ̀. Mo ní, "Ṣé ó pé?" Ó ní, "Ó pé, màámi, wọ́n fún mi ní ṣéńjì." Tíṣà rẹ̀ ní kò tíì há a sórí tó ni, kí n máa fi pàṣán lé e. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọn kì í jẹ́ kí ọmọ há nǹkan sórí mọ́ lọ́dọ̀ àwọn, àwòrán ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Bàbá rẹ̀ wá ní kí n yéé bá a ka nǹkan ní Yorùbá, pé òun ló ń da orí ọmọ rú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, màmá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ praimárì kí n tó padà sílé ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà báyìí, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀rọ̀ yín ká mi lára, torí mo máa ń rí irú ọmọ yín nígbà tó bá ti di géńdé.

Kì í ṣe pé orí ọmọ yín kò gba nǹkan dúró. Ẹni tó há orí méjì dé orí méjìlá, orí rẹ̀ pé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ìlọ́po. Ohun tí ìsọ̀ bi í léèrè ni: láti ₦350, ó ku mélòó kó pé ẹgbẹ̀rún? Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè yẹn rí, àyàfi nínú ìwé, níbi tí wọ́n ti to nọ́ńbà lé ara wọn tí wọ́n fi àmì àyọkúrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú ìwé ọ̀hún. Wọ́n kọ 1,000, wọ́n kọ 350 sábẹ́ rẹ̀. Òdo yọ òdo, òdo. Òdo yọ márùn-ún, kò ṣeé ṣe, lọ yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Aládùúgbò náà òdo ni, òun náà á lọ yá tirẹ̀. Ibi òdo méjì tó tẹ̀lé ara wọn yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣubú sí. Kí ẹ wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláta lọ́jà. Kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ aládùúgbò kankan. Ó na owó sí yín lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àádọ́ta rèé, ó di irinwó. Ọgọ́rùn-ún rèé, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rèé, ó pé ẹgbẹ̀rún." Kí ẹ ka ohun tó wà lọ́wọ́ yín: ₦650. Sókè ló ń kà lọ, kò padà sẹ́yìn, kò sì ṣì í.

Lálẹ́ òní, ẹ gé bébà wẹ́wẹ́, ẹ kọ 50, 100, 200 àti 500 sí wọn lára. Ẹ jẹ́ kí òun jẹ́ ẹni tó ń tajà, kí ẹ̀yin jẹ́ oníbàárà. Ẹni tó ń fúnni ní ṣéńjì ló máa ń mọ ṣéńjì.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló ti fèsì láti àná, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní háhásórí ló kọ́ àwọn, àwọn sì di èèyàn. Àwọn kan ní háhásórí ló sọ ìṣirò di ohun ìbẹ̀rù fún àwọn títí dòní. Èmi ò rí ìdí tí a fi ní láti yan ọ̀kan.

Àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò purọ́ ní ti àwòrán. Àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Láti oṣù Kẹfà 2022 ló ti di dandan pé kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní àwọn ilé ìwé ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ṣe ìdánwò táìmù-tébù lójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 25 ni, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé méjìlá lọ́nà méjìlá. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n lórí kò lè dáhùn kí àkókò tó lọ. Nítorí náà, àwọn náà ń há a. Ohun tí wọ́n fi ṣáájú rẹ̀ ni ìyàtọ̀.

Ní Singapore, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí: ọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan, á tún yà á, ẹ̀yìn náà ni á tó fi nọ́ńbà kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jerome Bruner, ni wọ́n ti mú un. Bí a bá fojú wa wò ó, a mọ̀ ọ́n. Àwa náà kó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ṣàṣàrà ọwọ̀ lọ sílé ìwé láyé àtijọ́. Kí ló dé tí a fi kó wọn dànù?

* * *

Bàbá kan bínú sí mi. Wọ́n ní "ìmọ̀ ṣáájú háhásórí" yìí ni wọ́n fi ba ìṣirò jẹ́ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, pé sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kíkó nǹkan jọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ni wọ́n ń kọ́ àwọn nígbà tí àwọn kò tíì mọ àròpọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá ní ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Amẹ́ríkà àti Áfíríkà pàdé ní Entebbe, ní Uganda, wọ́n kọ ìwé ìṣirò tuntun fún àwọn ilé ìwé Áfíríkà. Ó dé ọ̀dọ̀ wa náà, ohun tí wọ́n ń pè ní "Modern Maths". Nígbà tó di 1977, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé e. Àwọn tíṣà tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ kò rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó, òbí tó wà nílé kò lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ torí òun gan-an kò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nílé ni mò ń wí. Ìyá tí kò ka ìwé kankan lè bi ọmọ rẹ̀ pé, "Àwo mẹ́jọ la nílò, márùn-ún lo gbé wá, ó ku mélòó kó pé?" Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìyẹn fẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ pàṣán. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí.

Mo ti na ọmọ rí nítorí méje lọ́nà mẹ́jọ. Ọdún kejì tí mo di tíṣà ni. Mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá dáhùn kí n tó ka márùn-ún yóò na ọwọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Mo bi í, ó dákẹ́, mo ka márùn-ún tán, mo nà án. Bó ṣe ń na ọwọ́ òsì fún mi ni mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ tébù, ó ká ìka márùn-ún pọ̀, ó tún na méjì síta. Lẹ́yìn tí mo nà án tán, ó ní, "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, Màà."

Ó ti ń ka mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ lórí ìka rẹ̀ látìgbà tí mo ti bi í: mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún, títí ó fi dé ìka keje. Òun nìkan ló mọ ohun tí "lọ́nà méje" túmọ̀ sí nínú kíláàsì náà. Àwọn tó yára dáhùn, orin ni wọ́n ń kọ. Òun ni mo nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé pàṣán sílẹ̀, mi ò sì tún gbé e mọ́.

Nítorí náà, màmá, bí tíṣà bá ní kí ẹ fi pàṣán lé e, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ẹ̀rù máa ń mú kí ọmọ yára, kì í mú kí ó ronú. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yóò kàn ju nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu sí yín ni.

* * *

Ẹnìkan ní mo ń ta ko háhásórí. Rárá o. Ọmọ tó ń ka ìka nígbà tó bá dé kíláàsì kẹfà yóò jìyà lórí ìdá àti ìpín, torí kó tó parí kíkà ló ti gbàgbé ohun tó ń wá. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó yẹ kó há gan-an.

Láti ookan dé orí mẹ́wàá, ìlà ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ nǹkan. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé mẹ́ta lọ́nà méje àti méje lọ́nà mẹ́ta ọ̀kan náà ni, ó ku 55. Orí kan kò ṣòro. Orí méjì ìlọ́po méjì ni. Orí márùn-ún àti mẹ́wàá, owó ló fi ń kọ́ ọ. Ó ku 21. Orí mẹ́sàn-án kò gba háhásórí: mẹ́sàn-án lọ́nà méje ni àádọ́rin dín méje. Ó ku 15.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Láàárín mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, méje àti mẹ́jọ ni gbogbo wọn wà. Ẹ kọ wọ́n sí bébà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti ń wẹ̀. Ọ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì, oṣù kan ti tó. Ọgọ́rùn-ún ló ń ba ọmọ lẹ́rù.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ báyìí, torí ọ̀pọ̀ ló gbè wọ́n lẹ́yìn níbí.

Ohun kan wà tí wọ́n sọ tó jẹ́ òótọ́. Nọ́ńbà Yorùbá máa ń dojú rú bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òǹkà. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó kọ "mẹ́tàlélógún", ó lè kọ 32, torí mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbọ́. "Márùndínláàádọ́ta" tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọgọ́ta ni a mú, a yọ mẹ́wàá, a tún yọ márùn-ún, kó tó di 45. Mi ò ní fi ìyẹn dá ọmọ praimárì kẹta lágara lójú pátákó. Bó bá fẹ́ kọ òǹkà, kó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú "mẹ́rìndínlógún": mẹ́rin dín nínú ogún. Ọmọ tó bá ń pe èyí láti kékeré, àyọkúrò ló ń pe, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ ibi tó ń lọ, ogún. Àwọn baba wa tó ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún-márùn-ún kò fi òǹkà wa ṣeré. Wọ́n máa ń wo ibi tó máa pé sí, wọ́n á sì sọ ohun tó kù. Ohun tí ọmọ yín kò lè ṣe ní ìsọ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ti pé Yorùbá ń da orí ọmọ rú, wọ́n ti dán ìyẹn wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láyè ọ̀tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ Yorùbá gbáko kò kẹ́yìn, wọ́n ta àwọn yòókù yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Bí bàbá kò bá fẹ́ òǹkà lẹ́nu, wọn kò ní kọ ayò. Ẹ ra ọpọ́n. Ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa kó o sí ojú rẹ̀. Bó bá ti kó ti ojú mẹ́fà tán, ẹ ní, "Mélòó ló ti wà nílẹ̀? Ó ku mélòó kó pé?" Orí mẹ́rin ló ń kà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 48 ni yóò sì bá níbẹ̀, méjìdínláàádọ́ta, ọ̀nà tí a tún gbà pè é ní àádọ́ta dín méjì. Kò sí orin níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kà á.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé kí ló kàn mí nínú ìṣirò ọmọdé mọ́, nígbà tó jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ni iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí jù.

Bakitéríà kì í bímọ bíi tiwa. Ọ̀kan á là sí méjì, méjì á là sí mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa, bí oúnjẹ bá wà tí ibẹ̀ sì móoru, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló fi ń là. Ní wákàtí kan, ọ̀kan ti di mẹ́jọ. Ní wákàtí mẹ́ta, 512. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun tí ọ̀kan bá jogún lára èyí tó là á sílẹ̀ náà ló ní, kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ní 1946, Joshua Lederberg àti Edward Tatum ní Yunifásítì Yale mú oríṣi E. coli méjì. Àwọn èròjà kan wà tí èyí kò lè ṣe fún ara rẹ̀, àwọn mìíràn wà tí ìyẹn kò lè ṣe. Wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n wá dà wọ́n sórí oúnjẹ tí kò ní èyíkéyìí nínú àwọn èròjà náà. Kò yẹ kí ọ̀kan hù níbẹ̀. Nǹkan bí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá hù. Wọ́n ti bá ara wọn pín ogún. Ọmọ ọdún 21 ni Lederberg nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, François Jacob àti Élie Wollman ní Institut Pasteur ní Paris rí i pé fífà ni ọ̀kan ń fa okùn àjogúnbá rẹ̀ sínú èkejì, díẹ̀díẹ̀, láti orí kan lọ. Kí gbogbo okùn náà tó wọlé tán, ó ń gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Wọ́n wá bu nínú àpòpọ̀ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, wọ́n dà á sínú bílẹ́ńdà, irú èyí tí a fi ń lọ ata, kí ó já wọn kúrò lára ara wọn. Wọ́n wá wo ohun tó ti wọlé kí okùn tó já. Agbára láti kojú májèlé azide wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9. Agbára láti kojú T1, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa bakitéríà, 11. Agbára láti jẹ ṣúgà wàrà, 18. Ti ṣúgà galactose, 25. Bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́: bí mo bá mọ ìṣẹ́jú tó fi dé Ọ̀yọ́ àti ìṣẹ́jú tó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra.

Mo gbé nọ́ńbà mẹ́rin wọ̀nyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Mo ní, báwo ni ti ṣúgà wàrà ṣe jìnnà sí ti galactose lórí okùn náà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Nígbà tí mo wo ìwé rẹ̀, ó ti ro gbogbo wọn pọ̀: 63. Mo bi í, méje lọ́nà mẹ́jọ? Kò dúró rárá, "56, Màà." Ó mọ tébù ju èmi lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti mọ ìgbà tí a ń yọ àti ìgbà tí a ń rò.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ọkọ̀ ti dé 18. 25 ló ń lọ. Ó ku mélòó kó pé?"

Ó ní, "Méje." Ó wo ìwé rẹ̀. "Ó ku méje. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lé lógún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè náà bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá pípín ogún bakitéríà yìí kàn wá nílé: ó kàn wá gidi. Ní 1959, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn lè ti ara rẹ̀ fún E. coli ní agbára láti kojú oògùn, kódà sí oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí oògùn kò pa nínú ìfun yín lè kọ́ èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ra kápúsù méjì péré lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn pé kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ iye tí ẹ máa lò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa.

* * *

Màmá ti padà wá. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn fi ṣe ìsọ̀ bébà nílé, pé ọmọ kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tajà mọ́. Lánàá wọ́n rán an ní búrẹ́dì ₦700 pẹ̀lú ₦1,000. Ìyá ìsọ̀ fún un ní ₦200. Ó dúró. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹgbẹ̀rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún… ó ku ọgọ́rùn-ún kó pé." Ìyá ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi kún un.

Mo yọ̀ fún un gan-an! Ṣùgbọ́n màmá ní ìdánwò táìmù-tébù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ń béèrè bóyá kí àwọn kó ọpọ́n ayò pamọ́ títí ìdánwò yóò fi kọjá.

Ẹ má kó o pamọ́. Ní òwúrọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, ẹ bi í ní mẹ́ta nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Èyí tó bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ṣì, ẹ má sọ ìdáhùn fún un, ẹ jẹ́ kó fi ọmọ ayò tò ó ní ìrọ̀lẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá ń fi ìka kà lábẹ́ tébù, ẹ jẹ́ kó kà. Ìka yẹn á sinmi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí orí bá ti gbà á. Ẹ gbé ọpọ́n náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa tó o.